Jẹ́ẹ̀lì fílàṣì: ti ọjà, ti páálí kékeré, àbí ṣíìtì gidi?

Ẹ̀yin fọtógíráfà Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ní fílàṣì, tó wá kù kẹ́ ẹ ra jẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ike aláwọ̀ tẹ́ ẹ máa fi bò ó lójú, ẹ rọra ná. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa gbé síwájú yín, wọn ò dọ́gba rárá, ẹ ò sì lè fojú mọ ìyàtọ̀ wọn lórí tábìlì ọlọ́jà, àfi tí iná bá gba inú ẹ̀ kọjá.

Àkọ́kọ́ ni sẹ́lófénì tí wọ́n fi ń wé ẹ̀bùn, owó pọ́ọ́kú ni ní ọjà Wàńdó. Wọn ò ṣe é fún iná. Ẹ yìn fílàṣì lágbára léraléra, ooru á ká a kò, á lẹ̀ mọ́ ojú fílàṣì, ẹ ó wá máa fèékánná ha á. Tẹ́ ẹ bá sì padà lọ ra pupa, pupa míì ni wọ́n á gbé fún yín. Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ mọ báwọ̀ ṣe ń rí lára ògiri, ó tó. Iṣẹ́ tẹ́nì kan ti sanwó ẹ̀ ńkọ́? Áà, rárá o.

Páálí kékeré tí wọ́n ti gé sílẹ̀, tó ní rọ́bà tàbí mágínẹ́ẹ̀tì, rọrùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí fílàṣì yín kẹ́ ẹ tó sanwó: orí fílàṣì Godox V1 róbótó, páálí AK-R1 ló bá a mu, èyí tí wọ́n gé fún TT600 tórí ẹ̀ ní igun ò ní bò ó dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n á kó àwọ̀ rẹpẹtẹ tẹ́ ẹ ò ní lò láéláé sínú ẹ̀, CTO, ìyẹn aláwọ̀ ọsàn tó ń sọ iná fílàṣì di irú ti gílóòbù oníyẹ́lò, tẹ́ ẹ nílò lójoojúmọ́, á wá jẹ́ ẹyọ kan.

Ṣíìtì jẹ́ẹ̀lì ilé iṣẹ́ LEE tàbí Rosco ni mo fọwọ́ sí jù. Àwọn onísinimá àti onítíátà ń lò ó sójú iná ńlá, ooru fílàṣì ò já mọ́ nǹkan lójú ẹ̀. Nọ́ńbà ló ní: LEE 204 ni CTO kíkún, 205 ni ìdajì, 206 ni ìdá mẹ́rin, bó bá tán ẹ pe nọ́ńbà yẹn, àwọ̀ kan náà ni wọ́n á fún yín. Iná fílàṣì tó wà ní bíi 5500 Kelvin (òun ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná), 204 á fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 2900, tó sún mọ́ ti gílóòbù oníyẹ́lò. Ẹ wo ìyàwó nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n tan irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ sí. Láìsí jẹ́ẹ̀lì, tẹ́ ẹ bá fi WB (ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ irú àwọ̀ iná fún kámẹ́rà) sí ti fílàṣì, ohun tó wà lẹ́yìn ìyàwó á pọ́n bí epo, tẹ́ ẹ bá fi sí ti gílóòbù, ojú ẹ̀ á di búlúù. Ẹ fi 204 bo fílàṣì, ẹ gbé WB sí bíi 2900, iwájú àtẹ̀yìn á bára mu, léèsì funfun á sì funfun. Ó máa jẹ ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó stop kan o, ìyẹn bí ìdajì.

Owó ẹ̀ ga, ó sì lè jẹ́ Kùtọ̀nù tàbí Èkó lẹ máa ránṣẹ́ sí, àmọ́ ṣíìtì LEE kan gùn ju mítà kan lọ, ẹ̀yin mẹ́rin lè dáwó, kẹ́ ẹ fi àlùmọ́gàjí pín in, á ṣẹ́kù.

Ní ti pupa àti búlúù kíkún táwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti rà á, ẹ̀yìn ni ààyè ẹ̀. Ẹ tan pupa sí ẹni tó wọ àdìrẹ ẹlẹ́lùú, búlúù aṣọ yẹn á di dúdú, funfun ẹ̀ á di pupa, ẹni tó ni aṣọ ò ní dá a mọ̀. Ògiri ni kẹ́ ẹ tan án sí, kẹ́ ẹ fa èèyàn jìnnà sí ògiri kí iná iwájú má fọ àwọ̀ yẹn dànù. Tí iná aláwọ̀ yẹn bá sì mọ́lẹ̀ jù, pupa á di píǹkì. Búlúù tó dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ju CTO lọ fíìfíì, bátìrì á tètè rẹ̀.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kúkú ra ọ̀pá iná LED aláwọ̀ oríṣiríṣi. Kò burú fún fídíò, ẹ sì ń rí àwọ̀ kẹ́ ẹ tó ya fótò. Àmọ́ lọ́sàn-án gangan ẹ ò ní rí i mọ́, tí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu bá sì yí bìrí, fílàṣì ló ń mú ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró ketekete (ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ná kẹ́ ẹ tó tan ohunkóhun síbẹ̀).

Tó bá jẹ́ èmi, 204 àti 205 látinú ṣíìtì ni màá kọ́kọ́ rà, kí n wá fi páálí kékeré kan kún un nítorí pupa àti búlúù ẹ̀yìn. Ti mágínẹ́ẹ̀tì lè dúró dìgbà tówó bá wà, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ gé ń di jẹ́ẹ̀lì mú dáadáa.