Ẹ má sanwó fún àwọn tó ń kó èèyàn lọ sí Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé yìí

Ẹ̀yin ará, ìpolówó ìrìnàjò sí ọgbà yìí tún ti jáde lórí WhatsApp lánàá. Wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ, àmọ́ àwòrán kìnnìún tí wọ́n fi lu àwa ní jìbìtì náà ló ṣì wà níbẹ̀.

₦35,000 ni wọ́n gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Wọ́n ní ọkọ̀, owó ìwọlé, ibùsùn àti oúnjẹ ló wà nínú ẹ̀. Mo san ti èmi àtàwọn ọmọ mi méjì. Ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni pé bọ́ọ̀sì dé lóòótọ́. Ó gbé wa n'Ìbàdàn, a gba Ìsẹ́yìn, a dé Ṣẹ́pẹ̀tẹ̀rí nírọ̀lẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà náà béèrè rìsíìtì. Mo fi èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi hàn wọ́n, wọ́n ní kì í ṣe tiwọn, ẹnikẹ́ni ò sanwó nítorí wa. A pe ọ̀gá tó ṣètò ìrìnàjò náà títí, ó ti pa fóònù. Dírẹ́bà ní owó àlọ nìkan ni wọ́n fún òun. Àbíkẹ́yìn mi ń bi mí pé, "Màámi, ṣé a ò ní wọlé mọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Irọ́ wọn kúkú ti hàn látìbẹ̀rẹ̀. Ọgbà ẹranko Kainji àti ti Yankari ni kìnnìún tó ṣẹ́ kù nínú igbó Nàìjíríà wà. Wọ́n tún ní a máa fẹsẹ̀ rìn láti Ṣẹ́pẹ̀tẹ̀rí lọ wo àwókù Ọ̀yọ́ Ilé, ká sì padà kílẹ̀ tó ṣú. Ọgbà tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó! Apá àríwá ọgbà náà lọ́hùn-ún, lápá Ìgbẹ̀tì, ni àwókù yẹn wà.

Láti 1991 ni Ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé ti jẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀, olú iléeṣẹ́ wọn sì wà nílùú Ọ̀yọ́. Ẹ kàn sí wọn kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ béèrè iye owó ìwọlé, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n mọ ẹni tó fẹ́ kó yín wá. Tó bá jẹ́ àkáǹtì ara ẹni ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó sí, ẹ sá.

Ṣakí la sùn mọ́jú. Àwọn kan bínú wọkọ̀ lọ sílé. Èmi padà lọ sí ọgbà náà, mo sanwó tuntun, àwọn ọmọ mi sì rí ẹgbin àti ọ̀bọ.

Nọ́ńbà àkáǹtì tá a sanwó sí wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ti sanwó fún wọn, ẹ kàn sí mi, ká jọ lọ bá ọlọ́pàá.