Ọ́ìlì 10W-40 fún Ọkọ̀ Àgbà: Ohun tí Mo Rí Lẹ́yìn Kìlómítà 8,000

Ọdún 1998 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tí mo ń wà, ó sì ti rìn kọjá kìlómítà 240,000, nítorí náà kò sí mẹkáníìkì tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kì í sọ fún mi pé ọ́ìlì tó bá ki jù lọ ni ọkọ̀ àgbà ń fẹ́. Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ fún ọdún mẹ́ta, mo ń da 20W-50 sí i. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá ti ṣáná sí i, tápẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tó ń ti fáàfù) á máa lu tákàtákà lókè ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dákẹ́, nítorí pé ọ́ìlì tó ki máa ń pẹ́ kí ó tó gun òkè, àsìkò tí kò sì tíì débẹ̀ yẹn gan-an ni irin ń jẹ irin.

Nígbà tí mo wá wo ìwé ọkọ̀ náà, tí mo rí i pé 10W-30 tàbí 10W-40 ni àwọn tó ṣe é là sílẹ̀, mo ra 10W-40 irú èyí tí wọ́n kọ High Mileage (ti ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà) sí lára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù, èyí tó tẹ̀ lé e sì ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni 10W-40 ti ta 20W-50 yọ.

Lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà. Nígbà tí mo nu ìdọ̀tí ara kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ náà, SF, lẹ́tà tó ń sọ ìpele ọ́ìlì, ni mo bá nínú àmì roboto tí API, àjọ epo rọ̀bì ti Amẹ́ríkà, ń lò, bẹ́ẹ̀ àjọ náà ti sọ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1988. SP, tó jáde ní 2020, ló wà lára tuntun yìí. (Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dàgbà ju tèmi lọ, tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ pẹrẹsẹ, ní láti wá ọ́ìlì tí síńkì rẹ̀, èròjà tí kì í jẹ́ kí irin jẹ irin, pọ̀, ti òde òní kì í sábà ní i tó.)

Ariwo òwúrọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èròjà tó ń mú síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, rọ̀ bí ó bá ti gan wà nínú ọ́ìlì náà. Kò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, àfi lẹ́yìn bí oṣù kan, nígbà tí páálí tí mo ń tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀kán ọ́ìlì méjì péré dípò odindi àbàwọ́n. Kò gbẹ pátápátá. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni pé kí n tó rin kìlómítà 1,000, ọ́ìlì tí mo nù kúrò lára géèjì ti dúdú bí èédú. Ẹrẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ló ń fọ̀, mo sì ní láti pààrọ̀ fítà ṣáájú àsìkò.

Èéfín búlúù tó ń jáde bí mo bá tún tẹ iná lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣì wà síbẹ̀. Síìlì fáàfù tó ti jẹ ló fà á, kò sì sí ọ́ìlì, ìbáà ki bí oyin, tó lè tún un ṣe. Mo ti ra kẹ́ẹ̀gì kejì. Bí iná ọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí ọkọ̀ sì dúró, tí a ti yẹ páǹpù wò tí kò ní àbùkù, ìgbà yẹn ni n óò tó padà sí 20W-50, n kò sì ní ra SF mọ́.