Kalikulétọ̀ tí mo rà l'Ọ́jà Ọba Adó: ó dáa o, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún búrákẹ́ẹ̀tì ẹ̀

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ra kalikulétọ̀ sáyẹ́ǹsì yìí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. ₦8,000 ni ìyá tó ń tà á kọ́kọ́ pè é, a ná an títí ó fi di ₦6,500, wọ́n ní "Tíṣà, torí pé ẹ̀yin ni o, ẹ má sọ fún ẹlòmíì." Gbogbo wa náà ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, mo mọ̀.

Bọ́tìnì ẹ̀ ò le, ojú ẹ̀ hàn kedere, kò tán síbẹ̀. FACT gan-an ni mo torí ẹ̀ rà á, bọ́tìnì tó máa ń tú nọ́ńbà palẹ̀ sí àwọn prime, ìyẹn àwọn tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi kéèyàn fi 1 tàbí àwọn fúnra wọn pín wọn. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́, ọ̀kan nínú wọn ní ká tẹ 1234567890 torí ó rọrùn láti rántí, mo tẹ̀ ẹ́, ló bá gbé 2×3²×5×(13717421) jáde. Ti 3² yẹn ò yà wá lẹ́nu, ẹ ṣáà ro àwọn díjíìtì ẹ̀ pọ̀, 45 ni, 9 sì pín 45. Ọmọ náà bá pariwo, "Sà, prime ni 13717421!"

Díẹ̀ ló kù kí n gbà. Ìgbà tí mo ka ìwé pélébé inú páálí ẹ̀, tí lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, ni mo rí i pé búrákẹ́ẹ̀tì yẹn túmọ̀ sí pé ó ti rẹ ẹ̀rọ, kò wá prime kọjá díjíìtì mẹ́ta. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká lo ọgbọ́n Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé tó kú ní 1665. Rúùtù 13717421 jẹ́ 3703 àti díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3704, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, ẹ yọ 13717421 kúrò, 2195 ló kù, rúùtù ẹ̀ ò pé. Ó kan 3705: ó ṣẹ́ ku 9604, rúùtù ẹ̀ sì jẹ́ 98 géérégé! Ẹ yọ 98 nínú 3705, 3607 nìyẹn, ẹ fi 98 kún 3705, 3803, ẹ fi méjèèjì lọ́po ara wọn, 13717421 náà ló padà jáde. Kíláàsì ń pariwo bí ẹni pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. A tẹ FACT fún méjèèjì, kò sí búrákẹ́ẹ̀tì, prime ni wọ́n lóòótọ́. Bó ṣe di pé àwọn nọ́ńbà tó pín 1234567890 géérégé jẹ́ 48 lápapọ̀ nìyẹn, ẹ sì ro wọn pọ̀ láìka òun fúnra ẹ̀, 1977042798, ó ju òun gan-an lọ, irú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní abundant.

Ohun tó bí mi nínú rèé. Mo tẹ 2147483647, ìyẹn 2³¹ tá a yọ 1 kúrò nínú ẹ̀, ó tún fi búrákẹ́ẹ̀tì kan náà sí i, prime sì ni, Euler, onímọ̀ ìṣirò, ti fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn láti 1772, kalikulétọ̀ wo ló wà nígbà yẹn? Ẹni tí ò mọ̀ á ṣi prime àti èyí tí kì í ṣe prime mú fún ara wọn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ẹ ti kóòfà ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó o, tèmi ò bò dáadáa.