Owó ló ń gé fíìmù: ohun tí mo rí ní ilé kásẹ́ẹ̀tì kan ní Adó-Èkìtì

Bí ẹ bá fẹ́ràn fíìmù Yorùbá, tí ẹ sì wà ní Adó-Èkìtì tàbí ìtòsí rẹ̀, ẹ lọ sí ilé kásẹ́ẹ̀tì Màmá ní Ajílosùn. Kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní dárúkọ Màmá síbí torí wọn ò fẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè "Màmá oníkásẹ́ẹ̀tì" lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ládùúgbò, wọ́n á júwe ibẹ̀ fún yín. Ọ̀yẹ́ ni èmi ti ń lọ, ní FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ tíátà. Ọkọ̀ á gba Ìfàkì, á gba Ìwòròkò, owó ọkọ̀ á sì ju owó fíìmù lọ. Síbẹ̀ mo ṣì ń lọ.

Iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe ò lọ́jú pọ̀. Ẹ ó mú fíìmù kan nínú èyí tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ ó san ₦500, ẹ ó sì jókòó wò ó níbẹ̀. Wọn kì í yáni lọ sílé mọ́, wọn kì í sì í dà á kọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀bẹ̀ ò ran ìyẹn. Tẹlifíṣàn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan onídìí ńlá ayé àtijọ́, ọ̀kan pẹlẹbẹ. Ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì ku ẹyọ kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì tí ọkọ wọn tó ti dolóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ gbogbo fíìmù sí, àwọn tó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi gègé pupa fa ìlà sí lórí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nìkan tó owó ọkọ̀ mi. Kí wọ́n tó ti èyíkéyìí bọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n á gbé e sókè kọjú sí fèrèsé, wọ́n á wo etí téèpù bóyá ó ti hu funfun. Bí ó bá ti hu, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò ní wọ ẹ̀rọ, torí ojú tí ẹ̀rọ fi ń kà á yóò dí, èyí tí wọ́n bá sì fi tẹ̀lé e yóò kó o. Bí téèpù bá dẹ̀, ìka ni wọ́n fi ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi nà. Nọ́ńbà fóònù tó wà lẹ́yìn páálí àwọn tó pẹ́ jù jẹ́ ti fóònù onílà tí wọ́n ń lò ní Èkó, torí 2001 ni GSM tó dé Nàìjíríà. Àdírẹ́sì ibẹ̀, Ìdúmọ̀tà, Ìdúmọ̀tà, Ìdúmọ̀tà, ọjà Èkó tí wọ́n ti ń ta fíìmù.

Nǹkan tó gbé mi débẹ̀ ni àríyànjiyàn kan tí kò tán ní kíláàsì wa. Àwọn àgbà ń sọ pé fíìmù ti bàjẹ́, pé ògùn owó àti ìhòòhò ló kún un, pé ti àtijọ́ ló ní ẹ̀kọ́. Ó dáa, mo lọ wo ti àtijọ́. Fíìmù tí Hubert Ogunde gbé jáde ní 1979, Aiyé, àjẹ́ ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn òbí wa tó ń bínú sí oògùn inú fíìmù lónìí ló tò lórí ìlà láti lọ wò ó. Nítorí náà, ohun burúkú kì í ṣe àlejò nínú fíìmù wa. Ohun tó yí padà lójú tèmi ni ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé. Bí owó bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ṣe ń gé fíìmù, ìyẹn ni pé owó ló ń sọ ibi tí eré á ti gùn àti ibi tí á ti kúrú.

Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ tíátà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fíìmù, àwọn fúnra wọn ló ń gbé e kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ, láti ìlú dé ìlú, ní gbọ̀ngàn àti ọgbà ilé ìwé. Ẹnu ọ̀nà lèèyàn ti ń sanwó. Màmá ní àwọn wo ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nígbà ọmọdébìnrin, ara àwọn tó ń wò ó kì í gbà á kí eré máa fà: bí nǹkan bá ti dákẹ́ díẹ̀, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n á ní kí wọ́n dá owó àwọn padà. Lójú irú èrò bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ fa eré gùn? Àmọ́ ọ̀nà yẹn ní ewu tirẹ̀. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlà tiwa, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, àwọn olè da fíìmù náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, bàbá sì wọ gbèsè ńlá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ayé àtijọ́ rọrùn.

Síídì wá dé. Ìkan ò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, àwọn onífíìmù ní Ìdúmọ̀tà tó ń fi owó sílẹ̀ sì rí i pé bí fíìmù bá ní apá kìíní àti apá kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò ta á. Ẹ lọ wo àwọn síídì tó wà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀fù Màmá. Nínú ọ̀kan tí mo wò, mọ́tò dé ẹnu géètì, ó fun fèrè. Géètìmánù jáde látinú yàrá rẹ̀, ó rìn dé ìdí géètì, ó ṣí apá kan, ó lọ ṣí èkejì. Mọ́tò wọlé, ó yí po, ó dúró. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó tún aṣọ ṣe. Ó gun àtẹ̀gùn. Nínú pálọ̀, wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ mu, ọmọ ọ̀dọ̀ lọ gbé e wá, ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀. Mo ti gbé fóònù mi sórí itan láti ka àkókò: ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ kan tó kan ìtàn. Nígbà tí ìtàn wá fẹ́ gbóná, wọ́n ní ká máa retí apá kejì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Màmá ní, "Ọmọ mi, o ń rẹ́rìn-ín? Àwa la lọ ra apá kejì yẹn o."

Ti YouTube kò ní géètì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àrùn tirẹ̀. Láti July 2020, fídíò tó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ lè gba ìpolówó sáàárín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀. Ẹ wá jókòó ti fíìmù tuntun kan, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Kí ìpolówó tó já lu yín, ẹnì kan ti gbá ẹnì kan létí, tàbí ìyàwó ti já wọlé bá ọkọ pẹ̀lú àlè, kí ẹ má bàa kúrò nídìí rẹ̀. Ilé kan, pálọ̀ kan, òṣèré mẹ́rin, ariwo púpọ̀. Àwòrán mọ́ gaara, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ohùn sì ń dún dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún nínú ìran yìí ò ní ráyè sunkún tán kí wọ́n tó ta ọṣẹ fún yín. Ti Netflix tún yàtọ̀, nígbà tí wọ́n gbé Aníkúlápó jáde ní 2022, gbogbo wa rí aṣọ àti ààfin tí síídì ò lówó rẹ̀, ìtàn sì fara balẹ̀, torí ẹni tó ń wò ó ti san tirẹ̀ lóṣooṣù.

Ti ìjọba ńkọ́? Òfin tó dá àjọ NFVCB tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ti wà láti 1993, ẹ ó sì rí àmì "18", pé kí ọmọ tí kò tó ọdún 18 má wò ó, lára àwọn páálí kan lọ́dọ̀ Màmá. Ní May 2024, àjọ náà kéde òfin tuntun tó ní kí fíìmù, fídíò orin àti skit má ṣe máa fi ògùn owó àti sìgá mímu hàn bí ohun tó wuyì. Òfin náà dára tó bó ṣe mọ. Mo ka òfin yìí sétí Màmá, wọ́n bi mí pé ta ló máa lọ mú èèyàn nínú fóònù. Èmi náà ò mọ èsì tí ǹ bá fún wọn. Ó kàn jẹ́ pé kò sí òfin tó lè sọ fún onífíìmù pé kó má fa eré, kó má fi ìgbájú dí àyè ìtàn.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé: láyé kásẹ́ẹ̀tì o, láyé fóònù o, ará Èkìtì kì í sábà sọ èdè wa nínú fíìmù àfi bí wọ́n bá fẹ́ fi wá rẹ́rìn-ín. Géètìmánù nìyẹn, tàbí ìyá arúgbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

Ilé kásẹ́ẹ̀tì náà ní àbùkù, kò sì kéré. Ibẹ̀ gbóná. Àga rọ́bà ni, ìdí á dùn yín kí apá kìíní tó parí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé á máa bá òṣèré sọ̀rọ̀ pọ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo lè júwe fún yín láìtijú. Màmá fúnra wọn sì wà níbẹ̀: wọ́n mọ gbogbo fíìmù, wọ́n á jókòó tì yín, wọ́n á sì sọ ẹni tó máa kú fún yín kó tó kú. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ṣé o ò fẹ́ mọ̀ ni?"

₦500 náà ò wọ́n lójú tèmi. Láti January 2025 tí àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ fóònù ti fọwọ́ sí i kí owó ìpè àti dátà gbé pẹ́ẹ́lí sókè dé ìdá 50 nínú 100, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò iye dátà tí fíìmù kan máa ń jẹ, kí ẹ fi ìpolówó kún un.

Ọjọ́ Àìkú wọn kì í ṣí. Àwọn tó ń ṣe POS jìnnà síbẹ̀, Màmá kì í sì í gba tíráńsífà, ẹ mú owó dání. Bó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ wò, tí kì í ṣe síídì, ẹ débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, torí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn máa ń gbóná lọ́sàn-án, wọ́n á sì pa á kó lè sinmi.