Ètò ìpàdé àwọn bàbá nínú ìjọ: èwo ló ṣeé mú lò, èwo ni kò bá wa lára mu

Ìpàdé ọkùnrin kò wọ́n nínú ìjọ. Ẹgbẹ́ tó ní alága, akọ̀wé, akápò àti aṣọ àjọ̀dún wà káàkiri, ìbáà jẹ́ M.M.U. (Men's Missionary Union, ẹgbẹ́ ọkùnrin) àwọn Onítẹ̀bọmi tàbí ti Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì. Èyí tó wọ́n ni ìjókòó tí ọkùnrin márùn-ún ti máa yíjú sí ẹnì kan, tí wọ́n á bi í pé, "Bàbá Tóbi, kí ni ẹ̀yin àti Tóbi jọ ṣe lọ́sẹ̀ yìí?", tí onítọ̀hún á sì dáhùn láìfi ẹsẹ Bíbélì bojú.

Ìyẹn la fi wọn ètò mẹ́ta tí a gbé yẹ̀wò níbí. Méjì wá láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí fídíò ṣe ń dán tó kò kàn wá, bí olùkọ́ ṣe ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín tó náà kò kàn wá. Iye ìṣẹ́jú tó kù fún bàbá láti fi sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ gan-an là ń wò, àti ohun tí ọmọ náà rí gbà níbẹ̀.

Ẹni tó bá rántí Promise Keepers, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Kristẹni ní Amẹ́ríkà, á mọ ìdí tí a fi fẹ́ràn ìpàdé kékeré. Bill McCartney, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì Colorado, ló dá a sílẹ̀ ní 1990. Wọ́n kún pápá ìṣeré kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì kún ìlú Washington bámúbámú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 1997. Síbẹ̀, ìkejì nínú ìlérí méje wọn ni pé kí ọkùnrin ní àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn tímọ́tímọ́. Èrò pápá ìṣeré kò lè bá ẹnikẹ́ni mú ìlérí yẹn ṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú 33 The Series, nítorí òun gan-an ni wọ́n ṣe fún ìjókòó kékeré. Ìdí rẹ̀ ni Men's Fraternity, tí Robert Lewis bẹ̀rẹ̀ ní 1990 ní ìjọ Fellowship Bible Church, ìlú Little Rock, ìpínlẹ̀ Arkansas. Òun á kọ́ àwọn ọkùnrin lẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ kùtù, wọ́n á wá pín ara wọn sí kéékèèké láti sọ̀rọ̀. 33 sọ ìlànà yẹn di fídíò. Iye ọdún tí Jésù lò láyé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìdìpọ̀ mẹ́fà ni, ẹ̀kọ́ mẹ́fà nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé tí olúkúlùkù á máa kọ̀wé sí bó ṣe ń wò ó. Ọ̀kan nínú ìdìpọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dá lórí jíjẹ́ bàbá.

Àwọn tó ń kánjú á fẹ́ ra ti bàbá yẹn nìkan. A ò bá wọn fà á, ṣùgbọ́n èyí tó dá lórí ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin ló yẹ kó ṣáájú. Ibẹ̀ ni ọkùnrin ti máa sọ irú bàbá tó tọ́ òun dàgbà. Ọkùnrin tí kò tíì sọ ìyẹn rí kò ní rí ọ̀rọ̀ gidi sọ nípa bó ṣe ń bá ọmọ tirẹ̀ wí. "Bàbá mi nà mí, mo sì yanjú" ni gbogbo wọn á máa sọ, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Ìdìpọ̀ méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12.

Ibi tí ètò yìí ti máa ń kú ni àkókò. Ẹ̀kọ́ kan ń lọ bí ìdajì wákàtí. Lórí ìwé, ìpàdé wákàtí kan ààbọ̀ tó: ìkíni àti tíì ìṣẹ́jú 10, fídíò 30, ọ̀rọ̀ 40, àdúrà 10. Bó ṣe ń rí gan-an ni pé wọ́n á kọ orin, wọ́n á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka ìròyìn ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti dúpẹ́ oore tí Ọlọ́run ṣe é, wákàtí kan á lọ kí wọ́n tó tan fídíò. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba ogójì ìṣẹ́jú á di mẹ́jọ, pásítọ̀ á sì fi márùn-ún nínú rẹ̀ wàásù. Ẹ yí i po: kí ìròyìn ohun tí bàbá kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣáájú fídíò. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ni mo sọ pé màá ṣe? Ṣé mo ṣe é? Kí ni ọmọ náà sọ tàbí kí ló ṣe? Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, ìṣẹ́jú 18 ti tó. Bí wọ́n bá ju mẹ́jọ lọ, ẹ pín in sí méjì, ẹ má ṣe rò pé èrò púpọ̀ ló ń fi ìbùkún hàn.

Kí wọ́n tó tú ká, olúkúlùkù á kọ nǹkan kan ṣoṣo tó máa ṣe, á kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ sí i. "Màá túbọ̀ máa fara balẹ̀ fún àwọn ọmọ mi" kò ṣeé béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. "Èmi àti Tóbi á jọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Sátidé, mi ò ní gbé fóònù dání" ṣeé béèrè. Èyí tó kéré ni kí ẹ jẹ́ kó kọ. Bàbá tó lérí pé òun á máa ṣe àdúrà ìdílé lójoojúmọ́ láti ọ̀la lọ ni kì í wá sí ìpàdé kejì, ojú ń tì í ni.

Ọjọ́ orí tún ń da ètò náà rú, àwọn tó ṣe fídíò yìí kò sì ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ẹni ọdún 35 kò ní jókòó níwájú ẹni ọdún 60 kó sọ pé òun ju rìmóótù lu ọmọ. Àgbà náà kò ní jẹ́wọ́ níwájú ọmọdé. Ẹ má fi oyè tàbí ọdún tí èèyàn ti wà nínú ìjọ pín wọn, ọjọ́ orí àkọ́bí wọn ni kí ẹ wò: àwọn tí àkọ́bí wọn kò tíì tó ọdún 7 lápá kan, 7 sí 12 lápá kan, àwọn tó ní ọ̀dọ́langba lápá kan. Àwọn àgbà lè wá gẹ́gẹ́ bí àlejò lẹ́ẹ̀kan nínú ìdìpọ̀ kan, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè, kí wọ́n má sì ṣe darí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ inú fídíò jẹ́ ti Amẹ́ríkà, èdè rẹ̀ sì ń yára. Ẹ dá a dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí olùdarí fi Yorùbá sọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Ìdílé tí wọ́n ní lọ́kàn ni bàbá, ìyá àti ọmọ tí wọ́n bí. Ilé tiwa ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá kàwé àti ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n ń wo ọkùnrin kan náà lójú. Olùdarí ní láti béèrè wọn lórúkọ, torí ìwé náà kò ní béèrè wọn. Ní ti ẹ̀rọ, ẹni mẹ́fà kò nílò projector. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àti spíkà kékeré ti tó, kí ẹ ti gba fídíò sílẹ̀ láti ilé kí dátà má bàa já, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé.

Àṣírí lè tú ẹgbẹ́ ká lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Kì í sábà jẹ́ òfófó ló ń tú u, àdúrà ni. Ẹnì kan á lọ sọ níbi ìṣọ́ òru pé, "Ẹ bá wa gbàdúrà fún Bùrọ́dà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ rẹ̀ obìnrin…" Gbogbo ìjọ ti mọ̀ ọ́n kó tó dé "Àmín", ìyàwó rẹ̀ sì wà lórí ìjókòó. Ẹ fi òfin dè é ní ọjọ́ kìíní: ohun tí a gbọ́ níbí, a ò mú un lọ síbi àdúrà mìíràn láìgba àyè. Ohun kan ṣoṣo tó yọ sílẹ̀ ni bí wọ́n bá ń ṣe ọmọ kan léṣe; ìyẹn kò ní àṣírí, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Ètò kejì, All Pro Dad, kì í ṣe ìpàdé ìjọ rárá. Family First tó wà ní Tampa, ìpínlẹ̀ Florida, ló ni ín láti 1997, Tony Dungy tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Tampa Bay Buccaneers nígbà náà sì wà nídìí rẹ̀. Bàbá àtọmọ á pàdé nílé-ìwé lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jẹun àárọ̀, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lórí kókó kan, ó parí. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì, nítorí náà kò lè dúró fún ìpàdé bàbá nínú ìjọ. Àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ ká yá lò: bàbá á fi ọmọ rẹ̀ han gbogbo èèyàn, á sì sọ ohun tí ọmọ náà ṣe tó wú òun lórí.

Àwọn bàbá wa á kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n á ní a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní ń kángun rẹ̀. Ẹ rán wọn létí pé ilé wa náà ni wọ́n ti ń ki ọmọ láàárọ̀ tó bá ti dọ̀bálẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀: Àkànní, Àjàní, Àbẹ̀kẹ́. Kí bàbá kọ́kọ́ pe oríkì ọmọ rẹ̀ (ọ̀pọ̀ ni yóò ní láti fóònù ìyá wọn lọ béèrè rẹ̀, ìyẹn náà kò burú), kó wá sọ ohun kan tí ọmọ náà ṣe láàárín oṣù yẹn. "Ó fọ aṣọ àbúrò rẹ̀ láìjẹ́ pé a rán an" dára. "Ó mọ̀wé" kò dára, torí kò sọ nǹkan kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan ipò tí ọmọ gbà ní kíláàsì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò 28 ló máa sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta ni Who Let the Dads Out?, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní ìlú Chester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àárọ̀ Sátidé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bàbá, bàbá àgbà tàbí ọkùnrin tó ń tọ́jú ọmọ á kó àwọn ọmọ kéékèèké wá síṣọ́ọ̀ṣì. Ohun ìṣeré wà nílẹ̀, kọfí wà, búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà, ìwé ìròyìn wà fún bàbá tó bá fẹ́ kà á. Wọn kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Bàbá tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ á wá síbi ìjókòó mìíràn tí wọ́n ṣe fún ìyẹn, láìsí ọmọ.

Ètò yìí ni a fẹ́ràn jù fún àwọn ìjọ Yorùbá tó wà ní Peckham, Manchester àti ibi gbogbo tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí ìyá náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọmọ ló ń kọ́ bàbá níbẹ̀: ọkùnrin tí kò pààrọ̀ ìlédìí ọmọ rí á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ìyá kò sí nítòsí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹgbẹ́ obìnrin wá dáná. Bí wọ́n bá wọlé, àwọn ọkùnrin á gbé ọmọ fún wọn, wọ́n á lọ jókòó sídìí bọ́ọ̀lù Arsenal. Kí àwọn ọkùnrin fúnra wọn din àkàrà, kí wọ́n po ògì. Ìjọ tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ẹ̀pà tàbí ẹyin ń bá ọmọ kankan jà. Ẹ jẹ́ kí òróró gbígbóná wà nínú ilé ìdáná tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn tó ń ṣètò ṣe àyẹ̀wò DBS (èyí tó ń wò bóyá èèyàn ní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn) gẹ́gẹ́ bí òfin ààbò ọmọ nínú ìjọ wọn bá ṣe là á sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dá mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú ọ̀rọ̀ bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ọkùnrin lè wá fún ọdún kan kó má sọ ju "Báwo ni bọ́ọ̀lù àná?" lọ. Bí ọmọ bá sì ti dàgbà díẹ̀, kò ní fẹ́ wá ṣeré mọ́, bàbá náà á sì pòórá pẹ̀lú rẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣe tán fún bàbá tó wà ní Èkó tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tàbí tó wà ní Houston tí ọmọ wà ní Abẹ́òkúta. Irú wọn pọ̀ nínú ìjọ wa ju bí fídíò Amẹ́ríkà ṣe rò lọ. Nínú 33, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tó bá ipò wọn mu: kí wọ́n máa pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní wákàtí kan tí kò yí padà, kì í ṣe kí wọ́n pe ìyá rẹ̀ kí ìyá wá gbé fóònù fún un, kí wọ́n sì ti mọ ìbéèrè méjì tí wọ́n máa bi í yàtọ̀ sí "Ṣé o ti jẹun?"

Ìjọ tó bá ní owó ohun kan ṣoṣo ní Nàìjíríà, kó ra ìdìpọ̀ méjì tí a dárúkọ nínú 33, kó sì ṣe Sátidé àkàrà lẹ́ẹ̀kan lóṣù láàárín rẹ̀, torí ìyẹn kò ju owó ẹ̀wà àti òróró lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, kí ayẹyẹ tó gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Oṣù Kìíní dára, ẹ̀yìn Àjíǹde dára. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lásìkò ìkórè á kàn rí i pé wọ́n ti sọ ẹgbẹ́ bàbá di ìgbìmọ̀ ìkówójọ.