Àgbéyẹ̀wò ọkọ̀ Sienna tí mo rà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni "mò ń lọ Kánádà"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìjókòó àárín, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n máa tẹ nǹkan yìí lóru, tí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, ǹ bá ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn jù sílẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ Sienna ẹlẹ́ni mẹ́jọ rí á mọ̀ ọ́n, ìjókòó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín méjì ní ìlà kejì, tó ṣeé yọ kúrò. Àbíkẹ́yìn mi ti ní tòun nìyẹn kí n tó sanwó rárá. Lọ́sàn-án tí mo sanwó, ìjókòó wà níbẹ̀, fọ́tò ẹ̀ wà lórí fóònù mi. Nígbà tí mo padà dé nírọ̀lẹ́ kí n wá gbé ọkọ̀ mi, kò sí ńbẹ̀ mọ́, wọ́n ti fi kápẹ́ẹ̀tì bo ojú ibẹ̀. Mo wọnú ilé lọ kí n bi ọ̀gbẹ́ni léèrè, àfi bí mo ṣe dé kọ́rídọ̀ tí mo rí màmá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí ìjókòó mi, tó ń bó ẹ̀gúsí.

Màá padà sórí ẹ̀.

Mi ò ní máa ka ohun tó wà lára Sienna fún yín, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, gáréèjì wo ni kò sí. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, aṣọ ni mò ń tà, Corolla bàbá wọn ò sì gba àwa àti ẹrù pọ̀ mọ́, tí mo bá ń bọ̀ láti Èkó pẹ̀lú léèsì, ọmọ kan á gbé báàgì lé itan, òmíràn á máa sunkún. Mo wá rí ti ọ̀gbẹ́ni yìí lórí fóònù, àwòrán ẹ̀ mọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé 2007 ni, bọ́dì àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì àti gíà ò ní wàhálà kankan, AC ń tutù bíi dídì, ẹni tó ni ín ń lọ Kánádà ló jẹ́ kó tà á. ₦4.8 mílíọ̀nù. Ní Ìbàdàn níbí náà ni, mi ò ní láti rìnnà jìn. Kánádà yẹn gan-an ló yẹ kó ta mí lólobó, torí gbogbo ẹni tó ń ta mọ́tò nílùú yìí ló ń lọ Kánádà, mi ò mọ ẹni tó kù tó ń gbé Nàìjíríà.

Mẹkáníìkì mi ni mo mú dání. A ò tíì kí ọ̀gbẹ́ni tán tó ti fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná. Ọ̀gbẹ́ni ní oòrùn ni. Oòrùn wo láàárọ̀ kùtù, lábẹ́ igi máńgòrò? Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ti ṣáná sí ọkọ̀ kó tó di pé ẹ dé, ohùn kan wà tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá sùn mọ́jú tó tutù ló máa ń tú àṣírí ara ẹ̀, tó bá ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀, tó bá ń tu èéfín tó ní búlúù nínú, ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣáná ẹ lẹ máa rí i, tó bá ti gbóná tán kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ mọ́. Mẹkáníìkì ò sọ̀rọ̀, ó kàn ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Nígbà tó yá a tún yọ sí i láìpè, ọ̀gbẹ́ni ṣì wọ ṣòkòtò orun, ọkọ̀ tutù bí omi àmù. A ṣáná. Ó ró díẹ̀, ó dákẹ́. Èéfín kankan ò jáde. Mẹkáníìkì mi wò mí, ó ní èyí dáa o. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu, torí mo ti ń múra ìjà bọ̀ láti ilé. Kí ló wá ń gbé ọkọ̀ tó dáa gbóná fún? Títí dòní mi ò mọ̀. Àwọn kan wà tí irọ́ ti mọ́ lára, bí òótọ́ bá tiẹ̀ máa ṣe wọ́n láǹfààní wọn ò ní sọ ọ́.

Ti ọdún ọkọ̀ ńkọ́. Nọ́ńbà ṣasí wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, ó tún wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà, létà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún. Tó bá jẹ́ 7, 2007 ni. Tiwa yìí, 5. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó ń ra Sienna o, torí láti 2004 dé 2006 ẹ́ńjìnnì lítà 3.3 ni wọ́n fi sí i, bẹ́líìtì ló sì ń lò fún táímìnì, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ lásìkò, Toyota fúnra wọn ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti rin máìlì 90,000. Láti 2007 ló di 3.5 tó ń lo ṣéènì. Ẹni tó bá gbà pé 2007 lòun rà kò ní rántí bẹ́líìtì kankan títí tó fi máa já mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Mo bi ọ̀gbẹ́ni, ó ní "Mà, ọdún tí wọ́n rà á l'Amẹ́ríkà ni 2007." Mẹkáníìkì mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í já owó wálẹ̀, ó dé ₦4.2 mílíọ̀nù, ó ní òun ò lè lọ sísàlẹ̀ jùyẹn lọ torí owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn ṣá. Ó bọ̀wọ̀ fún wa. Ó gbé àga síta, ó ra mínírà, ó jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò wò ó, ó jẹ́ ká wà á dé Ìwó Róòdù ká wà á padà, kò kanra. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò mọ́tò tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ dùn gan-an, "Mọ́mì" ló ń pè mí ṣáá, bẹ́ẹ̀ a ò lè ju ara wa lọ púpọ̀.

A ṣàdéhùn, a buwọ́ lù ú, mo fi owó ránṣẹ́ látorí fóònù. Ló bá ní kí n má tíì gbé e lọ, kí òun bá mi fọ̀ ọ́ dáadáa, kò dáa kí n gbé e délé pẹ̀lú eruku. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Fífọ̀ tó fọ̀ ọ́ rèé: bátìrì tó wà nínú ẹ̀ lọ́sàn-án kọ́ ló wà nínú ẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀kan tí ẹnu ẹ̀ ti pọ́n ló gbé síbẹ̀, kò lè ṣáná. Sípíà táyà ti lọ. Jáàkì ti lọ. Ìjókòó àárín ti lọ. Ó wá fọ ọkọ̀ náà lóòótọ́, ó ń dán.

Ẹ wá wò mí ní kọ́rídọ̀ o. Inú ń bí mi dé orí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n màmá yẹn á ju ọgọ́rin ọdún lọ, ó sì gbójú sókè ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Ó ní "Kú ìrọ̀lẹ́ ọmọ mi, àwọn ọmọ ńkọ́? Ta lò ń wá?" Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ohun tẹ́ ẹ jókòó lé ni mò ń wá? Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, mò ń wo bẹ́líìtì ìjókòó yẹn tó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró wọn, èèpo ẹ̀gúsí ti dà sínú ihò ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni wá jáde látinú yàrá. Ó rí mi, kò tijú. Ó ní "Ẹ̀ẹ̀n, Mọ́mì, ìyẹn ò sí lára ọkọ̀ o, ẹ̀kístírà ni." Ẹ̀kístírà! Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní bọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ni, ṣé àga pálọ̀ yín máa ń ní bẹ́líìtì? Bátìrì ńkọ́, ṣé ẹ̀kístírà lòun náà? Ó ní kí n rọra, màmá ò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Màmá tó ní kò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo yẹn ló gbé àwo ẹ̀gúsí kalẹ̀, ó ní "Ọkọ̀ wo lẹ̀ ń sọ?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ó ní "Ṣé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ lo ti tà?"

Ẹ̀gbọ́n! Ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Ẹni tí mo fowó ránṣẹ́ sí ò ni ọkọ̀. ₦4.2 mílíọ̀nù. Orúkọ Ọlọ́run nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Mo ní ṣùgbọ́n wọ́n ní wọ́n ń lọ Kánádà mà. Màmá ní "Kánádà wo? Ẹni tí kò ní páásípọ́ọ̀tù?" Mẹkáníìkì mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, mo wò ó, ó panu mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Màmá ní kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ní London lójú ẹsẹ̀, kí òun máa wò ó lójú. Wọ́n pè é. Ó mọ̀ nípa ọkọ̀ náà o, òun ló ní kí àbúrò bá òun tà á, àlàáfíà wá wọnú ara mi díẹ̀. Ó kí mi, ó ní "Ẹ kú oríire mà, ẹ kú ìnáwó, mo dúpẹ́ pé ẹ lè rí ₦3.5 náà san." Mo ní mélòó? Mo tún un bi. Mo ní sà, ₦4.2 ni mo san, rísíìtì rèé. Mo gbé fóònù kọjú sí kámẹ́rà. Ẹ wo ojú ọ̀gbẹ́ni! Mi ò ní kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ sí àbúrò síbí torí ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ṣùgbọ́n mo jókòó gbọ́ ọ tán, kò sẹ́ni tó lé mi. Mo ń gbádùn ẹ̀ gan-an ni.

Kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí bátìrì fi padà, jáàkì padà. Màmá dìde, ó fi etí ìró gbọn èèpo ẹ̀gúsí dànù lára ìjókòó, ó ní kí n gbé nǹkan mi. Ó wá lọ jókòó sórí àpótí. Mo ní ẹ má ṣèyọnu mà, ẹ ṣì jókòó síbẹ̀ ná, ó ní rárá, ti ọmọ ẹ ni. Ó wọ yàrá, ó fa àpò ọ̀rá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ìwé ọkọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ti kọ́sítọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀gbẹ́ni ti sọ fún mi pé kò pọn dandan. Ọdún 2012 ló gba ojú omi Tin Can wọlé, ó pẹ́ kí ìjọba tó ní kí ọkọ̀ má gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé mọ́ ní January 2017. Màmá tún jókòó ó sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún mi láìpurọ́: wọ́n ti pààrọ̀ gíà bọ́ọ̀sì, ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn ló fẹ̀yìn ẹ̀ gbá géètì, ìdí nìyẹn tí bọ́ǹpà ẹ̀yìn fi ní ọ̀dà tuntun, bọ́dì àkọ́kọ́ kọ́ o, ilẹ̀kùn fífà apá òsì sì máa ń há lásìkò òjò. Kò sí oníṣòwò mọ́tò kankan tó máa sọ ìdajì ẹ̀ fún yín. Ẹ̀gbọ́n náà buwọ́ lùwé láti London, ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdánimọ̀ ẹ̀, bí mo ṣe fi yí orúkọ ọkọ̀ padà sí tèmi nìyẹn.

Ọkọ̀ gan-an wá ńkọ́? Ọkọ̀ dáa. Mo pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìnì ní Gáàtì kí n tó rìnnà jìn, pẹ̀lú wọ́tà pọ́ǹpù, owó ẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn kò tíì kọsẹ̀. AC tutù lóòótọ́, ìyẹn nìkan lòótọ́ tí ọ̀gbẹ́ni sọ. Mo ti fi kó aṣọ láti Ìdúmọ̀tà, ìlà ẹ̀yìn wọlẹ̀ pátápátá, ìdì lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù dá mi dúró lọ́nà Ògùn, mo na ìwé màmá sí wọn, wọ́n wò ó wọ́n yí i, wọ́n ní kí n máa lọ, bó bá ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni ni mo tẹ̀ lé, ọkọ̀ á ti wà lágọ̀ọ́ wọn báyìí. Epo ló ń mu. Ó ń mu ún o, látìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023, tí mo bá ti fẹ́ lọ Èkó màá kọ́kọ́ ka iye aṣọ tí mo fẹ́ kó ná. Ilẹ̀kùn òsì ṣì ń há, ọ̀tún làwa ń gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ níbi tẹ́ ẹ ti sanwó, kí wọ́n má bá yín fọ nǹkan kan.

Màákì tí mo fún un: 4.5 nínú 5. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Opurọ́ ni, olè ìjókòó ni, àbúrò burúkú sì ni, ṣùgbọ́n iye yẹn ò lè ra irú ọkọ̀ yìí níbòmíì, àti pé kò sí bí mo ṣe máa fún ilé tí màmá yẹn ń gbé ní ìsàlẹ̀ 4. Ìdajì tí mo yọ, ti sípíà táyà ni. Ọ̀gbẹ́ni ní òun yá ẹnì kan ní Mọ́níyà, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa gbé e wá. Tó bá gbé e dé, màá sọ ọ́ di 5.