Xfce: mo pààrọ̀ ojú kọ̀ǹpútà mi, fáìlì kankan ò sọnù

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbà pé àwọn wíndò, áíkọ́ọ̀nù àti mẹ́nù tá à ń rí yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà. Irọ́ ni o. Lórí Linux, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, aṣọ ni wọ́n, ẹ lè bọ́ ọ kẹ́ ẹ wọ òmíì. Desktop ni wọ́n ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Èmi bọ́ tèmi lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tó ń jẹ́ Xfce ni mo wọ̀.

Laptop mi ti darúgbó, RAM 4GB péré ló ní, desktop tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tí n bá ti tẹ mẹ́nù báyìí á kọ́kọ́ jó ná kó tó yọjú, èmi á jókòó máa wò ó. Mo fi Xfce sí i, mo log out, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù ẹ máa rí áíkọ́ọ̀nù kékeré kan tẹ́ ẹ fi ń yan desktop tó wù yín, mo yan Xfce, mo wọlé, gbogbo fáìlì mi wà níbi tí mo fi wọ́n sí. Mẹ́nù ò jó mọ́, ó kàn ṣí ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé: ẹ gbé máòsì sórí wíndò níbi tí orúkọ ẹ̀ wà, ẹ yí wheel sókè, wíndò yẹn á ká bí ẹní, orí ẹ̀ nìkan ló máa kù, ẹ ó rí nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ yí i sísàlẹ̀ ó tún tẹ́. Báyìí ni mo ṣe ń ka PDF tí mo sì ń kọ nǹkan nípa ẹ̀. Ẹ wò ó, Windows 1.0 tó jáde ní 1985, wíndò kan ò lè gun èkejì, ńṣe ni wọ́n ń tò wọ́n síra wọn bíi táìlì!

Àbúrò mi yá laptop yẹn, ló bá ń wá mẹ́nù kiri. Òkè ni Xfce gbé e sí, ṣùgbọ́n látìgbà Windows 95 ni ọwọ́ àwọn èèyàn ti mọ igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Mo yọ panel, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n ń to áíkọ́ọ̀nù àti mẹ́nù sí, tó wà nísàlẹ̀ kúrò, mo ṣí àgádágodo tòkè nínú sẹ́tíǹsì ẹ̀, mo wọ́ ọ wálẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Wàyí o, etí wíndò nínú theme (ìrísí tẹ́ ẹ yàn fún wíndò) tí mo lò tín-ín-rín bí irun, ẹ máa fi máòsì wá a títí kẹ́ ẹ tó rí i dì mú. Ọgbọ́n tí mo ta sí i ni pé mo di Alt mú, mo fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì fà á láti àárín, ó sì ń tóbi. Ẹwà Xfce náà ò ju báyìí náà lọ, 1996 ni Olivier Fourdan ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò sì díbọ́n pé ọmọ àná lòun.

4 nínú 5 ni mo fún un. Ọ̀kan tó kù, etí wíndò yẹn ló jẹ ẹ́.